Bí Ẹ Ṣe Lè Fìdí Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Àìsàn Ìhùwàsí Múlẹ̀ Lédè Yorùbá

Ìbéèrè kan náà ni àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ọpọlọ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ saikọ́lọ́jì n'Ìbàdàn ń bi mí léraléra: “Mo ti túmọ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n fi ń yẹ borderline wò, ọ̀kan nínú àwọn àìsàn ìhùwàsí (personality disorder), sí Yorùbá. Ẹlòmíràn ti túmọ̀ rẹ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bá ti àkọ́kọ́ mu. Ṣé mo lè máa lò ó báyìí?”

Rárá o. Ohun tí ìtumọ̀ tó bára mu fi hàn ni pé àwọn atúmọ̀ gbọ́ ara wọn yé. Kò tíì sọ fún wa bóyá ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Bódìjà gbọ́ ìbéèrè náà bí dókítà ṣe ní i lọ́kàn. Kò sọ bóyá dókítà méjì yóò rí ohun kan náà lára ẹnì kan. Kò sì sọ bóyá ẹni tí ìwé yẹn pè ní aláìsàn jẹ́ aláìsàn lóòótọ́. Ohun mẹ́ta yìí ni iṣẹ́ gan-an, ẹ̀yìn ìtumọ̀ ni gbogbo wọn sì wà.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Orúkọ àìsàn ìhùwàsí wúwo. Tó bá ti wọ fáìlì ẹnì kan, ibi gbogbo tí fáìlì bá dé ló máa bá a dé. Bí ìbéèrè tí a kò dán wò bá fún ẹnì kan lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, a ti ṣẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ní àìsàn náà lóòótọ́, tó ń fi abẹ gé ara rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, tí ìbéèrè wa sì gbójú fò dá, òun náà la ṣẹ̀.

Borderline ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ jálẹ̀: ẹni tí ìmọ̀lára rẹ̀ ń yí padà kíákíá, tí àárín òun àti ènìyàn kì í dúró sójú kan, tó ń bẹ̀rù pé wọ́n á fi òun sílẹ̀, tó sì lè máa ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ìlànà kan náà ló wúlò fún àwọn àìsàn ìhùwàsí yòókù.

Kí ẹ tó túmọ̀ gbólóhùn kan

1. Ẹ mú irinṣẹ́ kan, ìyẹn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí ẹ fẹ́ túmọ̀, kí ẹ mọ ohun tó ń wọ̀n. SCID-5-PD, tí American Psychiatric Association tẹ̀ jáde ní 2016, ń tẹ̀lé DSM-5, ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀: àmì 9 ló wà fún borderline, 5 ló gbọ́dọ̀ pé. IPDE jẹ́ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó ń fẹ́ kí ìwà náà ti wà fún ọdún 5 ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú àwọn àmì náà sì ti yọjú kí ẹni náà tó pé ọmọ ọdún 25. DIB-R ń wo ọdún 2 tó kọjá nìkan; nínú máàkì 10, ẹni tó bá gba 8 sókè ló kà sí borderline. Bí kílíníìkì yín bá ti ń lo ICD-11, ìwé orúkọ àìsàn ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2022, ẹ rántí pé bí àìsàn náà ṣe le tó ni ó kọ́kọ́ ń béèrè, kó tó kan borderline. SCID-5-PD nìkan kò ní fún yín ní ìdáhùn yẹn.

2. Ẹ gba àṣẹ. Àwọn ìwé wọ̀nyí ní ẹni tó ni wọ́n. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ rẹ̀, kí ẹ sì dúró de èsì kí ẹ tó túmọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti ilé ìwòsàn UCH (UI/UCH) tó ń yẹ ìlànà ìwádìí wò. Bí ẹ bá máa dé ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀, irú bí Adéọ̀yọ́, ẹ gba ti Mínísírì Ìlera ní Sẹkitéríàtì, Agodi náà. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì kan ohùn tí ẹ bá gbà sílẹ̀ àti orúkọ tí ẹ bá kọ.

3. Ẹ béèrè ohun tó ti wà nílẹ̀. Ìbàdàn wà lára ibi mẹ́sàn-án tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe ìwádìí ńlá lórí schizophrenia, àìsàn ọpọlọ líle kan, ní àwọn ọdún 1960. Nígbà tó yá, wọ́n lo CIDI, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àìsàn ọpọlọ mìíràn, lédè Yorùbá fún ìwádìí ìlera ọpọlọ ní Nàìjíríà. Àwọn ọ̀rọ̀ fún ìbànújẹ́, àníyàn àti àìróorunsùn ti la ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá. Ẹ lọ bá àwọn àgbà ní ẹ̀ka ìṣègùn ọpọlọ, kí ẹ béèrè. Ẹ má dá tuntun sílẹ̀ níbi tí èyí tó dára ti wà.

4. Ẹ kọ ètò ààbò sílẹ̀. Ẹ óò béèrè nípa ìgbìyànjú láti pa ara ẹni. Kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, nọ́ńbà rẹ̀, yàrá tí ẹ máa mú ẹni náà lọ, àti ẹni tó máa jókòó tì í. Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ kú, olùrànlọ́wọ́ ìwádìí kò gbọ́dọ̀ gbàdúrà fún un kó sì ní kó máa lọ sílé. Níbi tí ètò yìí kò bá sí, ẹ má bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ìtumọ̀

Apá yìí ni gbogbo ènìyàn mọ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

- Atúmọ̀ méjì, ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Kí ọ̀kan jẹ́ oníṣègùn ọpọlọ, kí ìkejì jẹ́ onímọ̀ èdè Yorùbá.
- Ìgbìmọ̀ kékeré tó máa sọ méjèèjì di ọ̀kan. Ẹ fi nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ ní wọ́ọ̀dù sí i, àti ẹnì kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ẹni ìkẹyìn yìí ni wọ́n máa ń fò, òun ló sì máa ń rí àléébù jù.
- Ẹnì kan tí kò rí ti àkọ́kọ́ rí yóò túmọ̀ rẹ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì.

Nǹkan mẹ́rin wà tí ìtumọ̀ padà kì í sábà gbé jáde. Ẹ fi ojú ara yín wá wọn:

“Ẹ” ọ̀wọ̀ àti “ẹ” ọ̀pọ̀. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún kò ní í pe ìyá ẹni àádọ́ta ọdún ní “o”. Ṣùgbọ́n “Ṣé ẹ máa ń bínú débi pé ẹ ń ju nǹkan mọ́lẹ̀?” lè dún bíi pé gbogbo ilé là ń béèrè, kí obìnrin náà sì máa ṣàlàyé ìbínú ọkọ rẹ̀ fún yín. Ẹ fi “ẹ̀yin fúnra yín” sí i. Kí ẹ sì tẹ ẹ̀dà méjì jáde, ti “o” àti ti “ẹ”, kí olùbéèrè má bàa máa yí i padà lẹ́nu.

Ìbéèrè tó ní “kò” tàbí “kì í”. Bí ẹ bá bi ẹnì kan pé “Ṣé kì í rọrùn fún yín láti dá wà?” tó sì ní “Bẹ́ẹ̀ ni”, ó ń gbè é lẹ́sẹ̀ pé kì í rọrùn. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ti wọ̀ lára lè fi “Rárá” sọ ohun kan náà. Ẹ yí i sí “Ṣé ó máa ń ṣòro fún yín láti dá wà?”

Àmì ohùn. Ohùn ẹnu ni wọ́n máa fi ka ìwé yìí. Bí kò bá ní àmì ohùn, olùbéèrè yóò kọsẹ̀ láàárín gbólóhùn tó ń béèrè nípa ikú tàbí ìbálòpọ̀, ojú á sì ti àwọn méjèèjì. Ẹ fi àmì sí gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì tẹ lẹ́tà rẹ̀ tóbi.

Àpẹẹrẹ tí kò bá ìlú mu. DSM-5 fi ìwakọ̀ ìwàkuwà ṣe ọ̀kan nínú àpẹẹrẹ fún ìwà àìronú. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀ kò wa mọ́tò rí. Ẹ lè béèrè nípa fífi ọ̀kadà sáré àsápajúdé, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, owó yíyá lórí fóònù, ìnáwó tí kò lérò nínú. Àpẹẹrẹ lẹ lè pààrọ̀. Àmì àìsàn fúnra rẹ̀ kò ṣeé pààrọ̀. Ẹ ṣọ́ra o: ẹni tó ra aṣọ ẹbí láwìn nítorí pé mọ̀lẹ́bí ń wo ojú rẹ̀ kì í ṣe aláìronú. Ìwà tó bá a lójijì, tí kò lè dá dúró, tó sì ń pa á lára lẹ ń wá. Ẹ kọ gbogbo àpẹẹrẹ tí ẹ pààrọ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sí i.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ gbọ́ bí etí ṣe gbọ́ ọ

Bí ẹ bá ní láti dín iṣẹ́ kù níbì kan, kó má jẹ́ ibí yìí. Ẹ wá ènìyàn mẹ́wàá ó kéré tán: ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀dọ́ àti àgbà, ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kà, aláìsàn àti ẹni tó wá kí aláìsàn. Ẹ má kó gbogbo wọn láti inú Yunifásítì. Ẹ dé Bẹẹrẹ, Ọjà'ba àti Mọ́níyà.

Lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan:

1. Ẹ kà á bó ṣe wà lórí ìwé, lẹ́ẹ̀kan.
2. Ẹ ní: “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo bi yín? Ẹ sọ ọ́ lọ́rọ̀ ẹnu ara yín.”
3. Ẹ ní: “Ẹ fún mi ní àpẹẹrẹ kan, tiyín tàbí ti ẹni tí ẹ mọ̀.”
4. Ẹ ní: “Ta ló wà tí ìbéèrè yìí lè bí nínú, tàbí tó lè tì lójú láti dáhùn?”
5. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an sílẹ̀. Ẹ má tún un ṣe.

Ìbéèrè 3 ló ṣe pàtàkì jù. Ènìyàn lè tún ọ̀rọ̀ yín sọ láìṣìnà, kí àpẹẹrẹ rẹ̀ sì fi hàn pé ohun mìíràn pátápátá ló gbọ́. Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ la ojú sílẹ̀ nínú ti borderline nìyí:

*Òfìfo.* Ẹni tó gbọ́ “Ṣé inú yín máa ń ṣófo?” lè sọ̀rọ̀ ebi fún yín. Obìnrin tí oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ lè bú sẹ́kún. Ẹ ṣàpèjúwe ìmọ̀lára náà: bíi pé kò sí nǹkankan nínú ọkàn ẹni, tí ayọ̀ tàbí ìbànújẹ́ kò wọlé, tó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà fún ọjọ́ pípẹ́.

*Ẹ̀rù pé wọ́n á fi ẹni sílẹ̀.* Bí ẹ bá kọ “ìkọ̀sílẹ̀”, kóòtù ni etí máa gbọ́. Nínú ilé tí ọkọ ti ń mú ìyàwó kejì bọ̀, ẹ̀rù yẹn nídìí. Ohun tí ẹni náà ń ṣe tí ẹ̀rù bá dé lẹ ń wá: ṣé ó pe ẹni náà lórí fóònù títí ilẹ̀ fi mọ́, ṣé ó ní òun máa gbé májèlé jẹ, ṣé ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ náà bá yóò ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ béèrè nípa òbí àti ọ̀rẹ́ pẹ̀lú, kì í ṣe olólùfẹ́ nìkan.

*Èrò pé ayé ń lépa ẹni.* Bí ẹ bá bi ọgọ́rùn-ún ènìyàn n'Ìbàdàn bóyá àwọn kan fẹ́ ṣe wọ́n ní ibi, ẹ mọ ìdáhùn tí púpọ̀ nínú wọn máa fún yín. Àdúrà lórí ọ̀tá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wà ní mọ́ṣáláṣí. Àmì àìsàn ni èrò tó máa ń dé nígbà tí wàhálà bá pọ̀ jù, tó sì ń lọ nígbà tí wàhálà bá rọlẹ̀. Kí ìbéèrè yín ní ìtẹ̀síwájú mẹ́ta: ìgbà wo ló máa ń dé? Báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó? Àwọn tí ẹ jọ ń jọ́sìn, ṣé ojú kan náà ni wọ́n fi ń wò ó?

*Àìmọ irú ẹni tí a jẹ́.* “Ṣé ẹ mọ irú ẹni tí ẹ jẹ́?” Wọ́n á sọ agboolé wọn fún yín, wọ́n á fi oríkì tì í. Ẹ béèrè nípa ìyípadà òjijì nínú iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe láyé, ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń bá rìn, ẹ̀sìn, àti ojú tí wọ́n fi ń wo ara wọn.

*Pípa ara ẹni.* Ojú ń tini, òfin ìwà ọ̀daràn látijọ́ sì ka ìgbìyànjú rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, nítorí náà àwọn ènìyàn máa ń fi í pamọ́. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn pé inú yàrá yìí lọ̀rọ̀ máa wà, àyàfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, kí ẹ sì ṣàlàyé ohun tí ẹ máa ṣe bó bá wà nínú ewu. Lẹ́yìn náà kí ẹ béèrè tààràtà. Ẹ má ní “Ṣé èrò burúkú máa ń wá sí yín lọ́kàn?” Èrò burúkú pọ̀ lóríṣiríṣi.

Bí ẹ bá ti tún ìbéèrè ṣe, ènìyàn tuntun ni kí ẹ gbé e lọ bá. Àwọn tàkọ́kọ́ ti mọ ohun tí ẹ ń wá.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ́ àwọn tó máa béèrè

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yìí kì í ṣe ìwé ìbéèrè tí a kàn ń fi “bẹ́ẹ̀ ni” àti “rárá” kún. Dókítà ló ń dájọ́ lórí àmì kọ̀ọ̀kan. Nínú SCID-5-PD, 0 ni kò sí, 1 ni kò tíì tó, 2 ni ó ti tó. “Bẹ́ẹ̀ ni” tí kò ní àpẹẹrẹ lẹ́yìn kò lè gba 2. Ẹ tẹnu mọ́ èyí títí yóò fi wọ̀ wọ́n létí.

- Ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ so ọdún mọ́lẹ̀. “Láti ọdún márùn-ún” kì í sábà yé ènìyàn. “Kí ẹ tó parí sẹ́kọ́ńdìrì”, “kí ẹ tó bí àkọ́bí yín”, “ṣáájú kòrónà” yé wọn.
- Ẹ má béèrè nígbà tí àìsàn mìíràn ń gbóná. Ẹni tí ìbànújẹ́ ńlá bá lónìí yóò sọ pé bóun ṣe wà látọjọ́ nìyẹn. Ẹ dúró kí ara rẹ̀ balẹ̀.
- Ẹ ya borderline sọ́tọ̀ sí bipolar, àìsàn tí inú ènìyàn máa ń dùn jù nígbà kan, tó sì máa ń bàjẹ́ jù nígbà mìíràn. Ìmọ̀lára tó ń yí láàárín wákàtí, tí kì í sábà kọjá ọjọ́ díẹ̀, yàtọ̀ sí ti bipolar tó ń jókòó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀. Ẹ fi ìbéèrè nípa iye wákàtí sí i.
- Ẹ sọ fún mọ̀lẹ́bí kí wọ́n dúró níta. Ìyá ọkọ tó bá aláìsàn wá sí kílíníìkì fẹ́ ran yín lọ́wọ́. Ẹ fi ọ̀wọ̀ ṣe é: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, a máa pè yín láìpẹ́.” Níwájú rẹ̀, ẹ kò ní gbọ́ òtítọ́ kankan.

Ìgbésẹ̀ 4: Ṣé dókítà méjì ń rí ohun kan náà?

Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́: ẹnì kan béèrè, ìkejì gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, kálukú fún un ní máàkì tirẹ̀. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí ìfohùnṣọ̀kan pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, torí pé ìbéèrè ẹnì kan ni àwọn méjèèjì ń gbọ́. Ìkejì: dókítà mìíràn béèrè lọ́tọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 14. Èyí le jù, ó sì dáni lójú jù. Bí agbára bá wà, ẹ ṣe méjèèjì.

Fún ìkejì, ẹ san owó ọkọ̀. Ẹni tó ti Mọ́níyà tàbí Ẹgbẹ́da wá sí UCH kò ní padà wá lọ́fẹ̀ẹ́, oṣù tí wọ́n dá fún un ní kílíníìkì sì jìnnà jù. Ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ Iléyá, Kérésì àti ìgbà ìyanṣẹ́lódì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá yí oògùn aláìsàn padà láàárín ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò méjèèjì.

Kappa, nọ́ńbà tó ń yọ ìfohùnṣọ̀kan tó kàn ṣèèṣì kúrò, lẹ máa fi wọ̀n ìfohùnṣọ̀kan. Ká ní dókítà A àti B wo ènìyàn 60. Wọ́n jọ sọ pé 15 ní àìsàn náà, wọ́n jọ sọ pé 36 kò ní in. A nìkan rí i lára 5, B nìkan rí i lára 4. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí 51, ìyẹn 0.85. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ lè ṣèèṣì bọ́ sí i:

(20/60 × 19/60) + (40/60 × 41/60) = 0.56

Kappa = (0.85 − 0.56) ÷ (1 − 0.56) = 0.66

Nínú òṣùwọ̀n Landis àti Koch ti 1977, 0.61 sí 0.80 jọjú. Ẹ ṣe é fún àmì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe fún orúkọ àìsàn nìkan. Ọ̀nà 256 ni àmì 5 sókè nínú 9 lè gbà pé jọ, nítorí náà àwọn dókítà lè fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ kí wọ́n máa jà lórí ìdí rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan: bí aláìsàn bá kéré jù láàárín àwọn tí ẹ wò, kappa yóò wálẹ̀ kódà bí wọ́n bá ń fohùn ṣọ̀kan. Ká ní nínú 60, wọ́n jọ rí i lára ẹnì 1, wọ́n jọ sọ pé 55 kò ní in, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì dá rí i lára 2. Ìfohùnṣọ̀kan jẹ́ 0.93, kappa sì jẹ́ 0.30. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé yín.

Ìgbésẹ̀ 5: Ṣé òótọ́ ni?

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún àìsàn ìhùwàsí. Ohun tó sún mọ́ òtítọ́ jù ni ìlànà tí Spitzer pè ní LEAD ní 1983: àgbà oníṣègùn, tó ti wo ẹni náà fún ìgbà díẹ̀, tó sì ní gbogbo ẹ̀rí lọ́wọ́. Bí ẹ ṣe lè ṣe é nìyí:

1. Ẹ yan àgbà dókítà ọpọlọ méjì. Wọn kò gbọ́dọ̀ rí èsì ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yín.
2. Ẹ fún wọn ní fáìlì, àkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù, àti ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀ tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni náà.
3. Bí aláìsàn bá fọwọ́ sí i, ẹ bá ẹnì kan tó ti mọ̀ ọ́n pẹ́ sọ̀rọ̀, nínú yàrá mìíràn. Ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ ilé ìwé máa ń wúlò ju òbí tó ń bò ó lọ.
4. Kí àgbà méjèèjì kọ ìdájọ́ wọn lọ́tọ̀, kí wọ́n tó jókòó fẹnu kò.
5. Gbogbo àwọn tí ẹ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ló gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ẹ bá gbé àwọn tí irinṣẹ́ yín pè ní aláìsàn nìkan lọ, ẹ kò ní mọ àwọn aláìsàn tí irinṣẹ́ yín gbójú fò dá láé.

Ta lẹ máa fi ṣe àfiwé? Ẹ má fi akẹ́kọ̀ọ́ tí ara rẹ̀ yá. Ìyàtọ̀ àárín aláìsàn borderline àti ẹni tí nǹkankan kò ṣe, ẹnikẹ́ni lè rí i. Ẹ wá àwọn tó ní ìbànújẹ́ ńlá, bipolar, wàhálà oògùn olóró; àárín àwọn yìí ni irinṣẹ́ ti ń ṣìnà.

Mélòó ni kí ẹ wò? Ká ní ẹ ń retí pé irinṣẹ́ yóò rí 85 nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, tí ẹ sì fẹ́ kí àṣìṣe má ju 10 lọ síwájú tàbí sẹ́yìn (1.96 dúró fún ìdánilójú 95 nínú ọgọ́rùn-ún):

1.96² × 0.85 × 0.15 ÷ 0.10² = 49

Aláìsàn 49 lẹ nílò. Bó bá jẹ́ pé ìdá mẹ́rin kan nínú àwọn tó ń wá sí kílíníìkì ló ní in, ènìyàn 196 lẹ máa wò. Ẹ fi díẹ̀ lé e nítorí àwọn tí kò ní padà wá.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ mọ ibi tí èsì yín lè dé

Ká ní irinṣẹ́ yín rí aláìsàn 85 nínú 100, tó sì mọ 90 nínú 100 tí kò ní in. Ẹ lò ó fún ènìyàn 400 ní kílíníìkì ọpọlọ, níbi tí 100 ti ní in: ó pe 115 ní aláìsàn, 85 nínú wọn sì jẹ́ òótọ́. Ẹ wá gbé irinṣẹ́ kan náà lọ sí àdúgbò, fún ènìyàn 1,000, níbi tí 20 ti ní in: yóò tún pe 115. Níbẹ̀, 17 péré ló jẹ́ òótọ́.

Ẹni tó bá fìdí irinṣẹ́ múlẹ̀ ní UCH kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún Mọ́kọ́lá. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti dán an wò sí ojú ìwé kìíní, kí ẹnì kan má bàa gbé e lọ síbi tí kò mọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Pípe ìtumọ̀ padà ní ìfìdímúlẹ̀.
- Kíkà nínú Cronbach's alpha pé irinṣẹ́ ń sọ òtítọ́. Ohun tí alpha ń sọ ni pé àwọn ìbéèrè ń bá ara wọn rìn. Wọ́n lè jọ ṣìnà.
- Kí ẹni kan náà béèrè, kó sì tún jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà tó ń dájọ́.
- Lílo “ìwà burúkú” tàbí “oníwàkiwà” nínú ìwé tí aláìsàn máa fọwọ́ sí. Ta ló máa fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wá wo ìwà burúkú òun?
- Kíkà á sí àìsàn nígbà tí àmì 5 bá ti pé, láìwò bóyá ó ti ń da ayé rẹ̀ rú níbi púpọ̀, láti ìgbà èwe.
- Bíbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè nípa ìbálòpọ̀ tàbí ikú kí ara tó balẹ̀.

Bí owó tàbí àkókò kò bá tó

Ẹ má ṣe gbogbo àìsàn ìhùwàsí mẹ́wàá inú DSM-5. Ẹ mú borderline nìkan, kí ẹ ṣe é dáadáa.

Ẹ lè fi MSI-BPD, ìwé ìbéèrè kúkúrú fún borderline, ṣáájú: ìbéèrè 10 ni, ẹni tó bá gba 7 sókè ni kí ẹ wá fi ọ̀rọ̀ gígùn wá lẹ́nu wò. Ṣùgbọ́n òun náà nílò ìtumọ̀ àti ìdánwò etí (Ìgbésẹ̀ 2), ẹ sì gbọ́dọ̀ mú díẹ̀ nínú àwọn tí kò tó 7 lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà pẹ̀lú.

Àwọn kan máa ń bi ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì ní Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n tún bi í ní Yorùbá, wọ́n á sì fi wéra. Ó dára láti fi wá àléébù ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa kọ́ ni ẹni tí ẹ ṣe ìwé Yorùbá fún.

Bó bá sì jẹ́ pé Ìgbésẹ̀ 4 ni agbára yín mọ, ẹ ṣe é, kí ẹ sì pè é lórúkọ tó ń jẹ́: ìdánwò ìfohùnṣọ̀kan. Iṣẹ́ gidi ni. Ẹlòmíràn yóò bá a lọ láti ibẹ̀.

Kí ẹ tó fi sílẹ̀

- Ẹ̀dà “o” àti ẹ̀dà “ẹ”, pẹ̀lú àmì ohùn
- Àkọsílẹ̀ gbogbo àpẹẹrẹ tí ẹ pààrọ̀ àti ìdí rẹ̀
- Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn láti Ìgbésẹ̀ 2, láìsí orúkọ
- Kappa àti ìfohùnṣọ̀kan fún àmì kọ̀ọ̀kan
- Ibi tí ẹ ti dán an wò, àti irú àwọn ènìyàn tí ẹ fi ṣe àfiwé
- Nọ́ńbà ẹ̀dà àti ọjọ́ lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá yí ìbéèrè kan padà lẹ́yìn èyí, ẹ̀dà tuntun ni, kí ẹ tún gbé ìbéèrè yẹn padà sí Ìgbésẹ̀ 2.